Ìkànnì Tó Ń Kí Àlejò Kó Tó Ṣílẹ̀kùn

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra àga lọ́wọ́ Bàbá Kékeré, ẹ kọ́kọ́ jẹun kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Kì í ṣe pé ahun ni o. Ìkíni ni yóò fẹ́ẹ̀ pa yín. Ẹ ò ní tíì gbé ẹsẹ̀ kejì wọ ìsọ̀ rẹ̀ tí yóò ti gbé òòlù sílẹ̀, yóò nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, yóò ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé dáadáa lẹ dé? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́?" Bẹ́ ẹ bá ṣèèṣì sọ pé ẹ ò tíì gbéyàwó, ẹ ti dáràn nìyẹn. Yóò fa àpótí sún mọ́ yín, yóò sì fẹ́ mọ ohun tó fà á, àti ẹni tó fà á.

Mò ń pè é ní Bàbá Kékeré torí pé àbúrò bàbá mi ni; Aláwàdà lòun náà ń pè mí. Fẹ̀sọ̀mú ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí òwe kan ṣoṣo tó fi ń gbèjà ara rẹ̀ nígbàkígbà tí oníbàárà bá wá béèrè iṣẹ́ tí kò tíì parí: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ sì dára, n ò ní torí àwàdà purọ́ mọ́ àgbàlagbà. Dúrọ́ọ̀ tó bá ṣe, ìka kan lẹ ó fi tì í, á sì wọlé jẹ́ẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wí. Ilẹ̀kùn tó bá gbé kọ́ kì í ké.

Àfi ilẹ̀kùn kan. Ilẹ̀kùn ilé òun fúnra rẹ̀ ni. Òjò ti pa á títí pákó rẹ̀ fi wú, ó sì há mọ́ férémù gbagba. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á fi èjìká gbá a, á fi orúnkún tì í, á tún bú u díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Kékeré, ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ìgbà tí eyín iwájú mi ti ń ká pé kó mú ìfági wálé, kó fá ara pákó náà kúrò díẹ̀. Èsì kan náà ló máa ń gbọ́: "Màá ṣe é. Má kán mi lójú."

Nígbà tí oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, èmi ni mo ní kó jẹ́ kí n ṣe ìkànnì fún un lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyẹn. Mo ṣàlàyé fún un pé àwọn èèyàn kì í rìn kiri wá gbẹ́nàgbẹ́nà mọ́. Wọ́n á yọ fóònù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé gbẹ́nàgbẹ́nà làwọn ń wá, ẹ̀rọ aṣàwárí á sì to orúkọ sílẹ̀ fún wọn, bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó kà sí pàtàkì jù.

"Ta ló ń tò ó?"

"Ẹ̀rọ ni, Bàbá Kékeré."

"Ẹ̀rọ náà mọ̀ mí?"

"Á mọ̀ yín tá a bá ti ṣe ìkànnì."

Ó ronú sí i. "Ṣé kò ní dáa ká lọ kí i nílé?"

Lẹ́yìn tí mo rẹ́rìn-ín tán, ó gbà. Ṣùgbọ́n ó ní nǹkan méjì tí òun ò ní gbà kí n yí padà. Èkíní ni ìkíni. "Èèyàn ò lè wọ ìsọ̀ mi kí n má kí i. Ṣé ewúrẹ́ ló wọlé ni?" A bá ya fídíò rẹ̀. Ó gbé agbádá wọ̀, ó dé fìlà, ó dúró ti bẹ́ẹ̀dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Torí pé kò mọ ìgbà tí àlejò máa dé, ó pinnu láti kí gbogbo ìgbà: "Ẹ kú àárọ̀, tó bá jẹ́ àárọ̀ lẹ dé. Ẹ káàsán, tó bá jẹ́ ọ̀sán. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ibi iṣẹ́ ń bọ̀. Ẹ kú òjò, tó bá ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ kú oòrùn, tí kò bá rọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹni tó ń retí, Ọlọ́run á ṣe é. Ẹni tínú ń bí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Fídíò náà gùn débi pé Màmá Kékeré tó ń wò ó látẹ̀yìn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tá a fẹ́ fi hàn, ó sì sùn lọ. Ó wà nínú fídíò títí dòní, ó ń hanrun.

Èkejì ni fọ́tò. Ayàwòrán kan tó ní kámẹ́rà ńlá ló ya àwọn iṣẹ́ rẹ̀, àwọn fọ́tò náà sì mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ fi lè rí irùngbọ̀n eṣinṣin tó bà sórí tábìlì. Wọ́n wúwo ju ohun tí fóònù lè tètè gbé lọ. Mo ní kó jẹ́ kí n dín wọn kù.

"Dín kí ni kù? Bẹ́ẹ̀dì tó gba tọkọtaya àti ọmọ wọn, o fẹ́ sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀dì ọmọláńgidi?"

"Bẹ́ẹ̀dì ò ní kéré, Bàbá Kékeré. Fọ́tò ló máa fúyẹ́."

"Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Mo jiyàn títí ẹnu fi ń dùn mí. Àgbà ló ni ìsọ̀, mo gbé gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ bó ṣe fẹ́.

Ẹni tó bá wá ṣí ìkànnì náà, funfun báláú ló máa kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà, àmì róbótó kan á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Á yí, á yí, á yí. Tó bá yá, góńgó orí fìlà Bàbá Kékeré á yọ. Fìlà á délẹ̀ tán, iwájú orí á tẹ̀ lé e. Kí imú tó dé, àlejò ti lọ.

Ẹ̀rọ aṣàwárí sì ń wo gbogbo èyí. Kì í ṣe yíyára nìkan ló ń wò o. Ó kọ́kọ́ ń wò ó bóyá ohun téèyàn ń wá ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí gbẹ́nàgbẹ́nà méjì bá jọra, èyí tí ìkànnì rẹ̀ tètè ń ṣí lórí fóònù ló máa ń fẹ́ fi síwájú, torí ó mọ̀ pé ọmọ aráyé ò ní sùúrù. Mo wá Bàbá Kékeré títí kí n tó rí i. Ojú-ìwé tí ẹsẹ̀ èèyàn kì í dé ló wà. Ó wà lẹ́yìn gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó ti ṣaláìsí, tí ẹnikẹ́ni ò rántí láti pa ìkànnì rẹ̀ rẹ́.

"Ó ti kú, ó sì ṣáájú mi?"

"Ìkànnì olóògbé yá ju tiwa lọ, sà."

Ẹni tó wá wà lókè pátápátá ni Kíákíá. Abẹ́ Bàbá Kékeré ló ti kọ́ṣẹ́. Ìkànnì tirẹ̀ ò ní ju fọ́tò kéékèèké bíi mélòó kan àti nọ́ńbà fóònù lọ, ó sì ń ṣí kẹ́ ẹ tó gbé ìka kúrò.

Lọ́jọ́ kan, Kíákíá fúnra rẹ̀ wá sí ìsọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí èèpo pákó, lẹ́búlẹ́bú pákó sì kún irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá mi, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi ju agbára mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi ṣe é. Mo ti ra àga kan sílẹ̀ fún yín, èyí tó ní tìmùtìmù, kí ẹ̀yìn má máa dùn yín. Ọ̀gá lèmi á ṣì máa pè yín níbẹ̀."

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà burú ni pé kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, à bá lé e jáde ká sì rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ràn ọ̀gá rẹ̀ dénú ni. Bàbá Kékeré dúpẹ́, ó bèèrè ìyàwó rẹ̀, ó bèèrè ọmọ, ó sìn ín dé títì.

Ìgbà tó padà, ó jókòó sórí tábìlì iṣẹ́, ibi tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí. Ó sọ fún Màmá Kékeré pé, "Tí iṣẹ́ gidi kan ò bá wọlé kí òjò ọdún yìí tó dá, màá ti ìsọ̀ yìí. Ẹni tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú ni yóò wá máa fi ìka hàn mí pé, ọ̀gá, ibí yìí ni kẹ́ ẹ rẹ́." Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí i, ó kàn mirí lásán ni. Kò bèèrè ilé. Kò bèèrè ọkọ tí n ò tíì ní. Ẹ̀rù bà mí.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ò ràn án mọ́. Mo bá lọ bá Màmá Kékeré ní kíṣínì, mo sọ ohun kan sí i létí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di etí tábìlì mú.

"Ìwọ ọmọ yìí, ọkọ mi lo fẹ́ fi ṣeré?"

"Màmá Kékeré, ẹ̀kọ́ ni."

"Ẹ̀kọ́ wo? Jẹ́ ká ṣe é ṣá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Bàbá Kékeré dé láti wá jẹun. Ẹni tí ebi ń pa kì í rí ara gbé sáré, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó ń yára bọ̀. Ó fi èjìká gbá ilẹ̀kùn bó ṣe ń ṣe é. Ilẹ̀kùn ò mì, torí pé èmi náà ti fi ẹ̀yìn tì í nínú.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

Mo gbé ohùn rẹ̀ wọ̀, ti inú fídíò. "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú àárọ̀, tó bá jẹ́ àárọ̀ lẹ dé. Ẹ káàsán, tó bá jẹ́ ọ̀sán. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ibi iṣẹ́ ń bọ̀..."

"Aláwàdà! Ṣílẹ̀kùn, ebi ń pa mí!"

"Ẹ kú òjò, tó bá ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ó ń lóòdù, sà."

Ó yí sí ojú fèrèsé. Màmá Kékeré ti dúró síbẹ̀, ó gbé abọ́ dání, ó fi aṣọ ìnuwọ́ bò ó, ó sì ń fa aṣọ náà sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Etí abọ́ kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà, ìrẹsì kan. Lẹ́yìn náà, ìrẹsì kejì.

"Ẹran ńkọ́?" ni Bàbá Kékeré bèèrè.

"Ẹran ń bọ̀, olówó orí mi. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni ò dáa."

Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó pòṣé kan tó ṣeé fi gé pákó, ó yí ẹ̀yìn padà, ó lọ. A gbé etí síta. Kò lọ jìnnà. Ilé kejì ló yà sí, lọ́dọ̀ Ìyá Oníbàtà tó ń tún bàtà ṣe, ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í sí ní títì láti àárọ̀ dalẹ́. A gbọ́ tí obìnrin náà ní, "Ẹ wá bá mi jẹun o." A gbọ́ tí Bàbá Kékeré fa àpótí. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣíbí nìkan là ń gbọ́.

Màmá Kékeré di apá mi mú. "Kò kí i! Ọkọ mi wọlé onílé, kò kí i!"

A gbé abọ́ tiwa, a tẹ̀ lé e lọ. Ó ti jẹun dé ìdajì nígbà tá a wọlé. Mo kúnlẹ̀ kí Ìyá Oníbàtà, mo wá kọjú sí i.

"Bàbá Kékeré, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ilé yín sílẹ̀?"

"Kí ló dé? Ṣé kí n dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ebi á fi gbé mi ṣubú ni?"

"Àbí oúnjẹ tiwa ò dùn?"

"Oúnjẹ ìyàwó mi ò dùn? Ìyá Oníbàtà, ẹ má bínú o, kò sí oúnjẹ tó dùn tó ti ìyàwó mi nílé ayé yìí. Ẹ ò ṣílẹ̀kùn ni! Ibi tó bá ṣí lèèyàn ń..."

Ṣíbí dúró sí agbede méjì abọ́ àti ẹnu. Ìyá Oníbàtà tí kò mọ ohun tó ń lọ sọ pé, "Ẹ fi ẹran díẹ̀ sí i."

Bàbá Kékeré gbé ojú lé mi. "Aláwàdà."

"Sà."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe mí nìyẹn? Àwọn tó ń wá mi lórí fóònù?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn, sà. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn bẹ́ẹ̀dì yín. Wọn ò rí i ni. Ebi ń pa wọ́n, wọ́n sì ti yà sí ilé kejì."

"Ilé Kíákíá."

Ó jẹ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì, ó wá dà bí ẹni tó jí lójú oorun. Ó yí sí Ìyá Oníbàtà, ó gbé abọ́ kúrò lórí itan, ó ní, "Ẹ káàsán o! Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ forí jì mí, ebi ló gbé mi wọlé."

Kò padà sí ìsọ̀ lọ́sàn-án yẹn. Ó rán mi lọ gbé ìfági wá. Ó yọ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ kúrò lára férémù, ó gbé e kalẹ̀ sórí bẹ́ńṣì méjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá etí rẹ̀. Èèpo pákó ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń ká kò bí irun ọmọ tuntun. Màmá Kékeré dúró tì í, ó jọ pé ẹ̀rù ń bà á kí ó má bàa jí ọkọ rẹ̀ lójú àlá. Ìgbà tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà kọ́ padà, Bàbá Kékeré fi ìka kan tì í. Ó ṣí fẹ́rẹ́, bí ẹni pé atẹ́gùn ló tì í.

Ó wo èèpo pákó tó kún ilẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn. "Ilẹ̀kùn ṣì ni," ló sọ. Ó wá na ìka sí mi. "Ó yá, lọ fá àwọn fọ́tò yẹn. Ṣùgbọ́n má fá a dé eegun."

Mo fá wọn. Mo gbé ti tẹ́lẹ̀ àti ti ìsinsìnyí kalẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí fóònù, mo ní kó tọ́ka sí èyí tó kéré. Ó wò ó títí, ó fi awò sójú, ó yọ ọ́, ó ní ọ̀kan náà ni mo gbé síwájú òun lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó le ni ti fídíò. Mo ní kí fídíò má ṣe jáde àfi tí àlejò bá fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Ìkíni mi ló wá di ohun tí àlejò ń bèèrè ká tó fún un?"

"A máa kọ 'Ẹ káàbọ̀' sókè gàdàgbà."

"'Ẹ káàbọ̀' nìkan? Láìsí 'ṣé dáadáa lẹ dé'? Ó dà bí ìgbà tí mo bá wọn ní gbólóhùn asọ̀."

A ná ọ̀rọ̀ náà bí ọjà títí a fi rí àárín. Nísàlẹ̀ "Ẹ káàbọ̀", mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Tẹ́ ẹ bá ní àyè, ẹ tẹ ibí kí n kí yín dáadáa.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣí i lórí fóònù Ìyá Oníbàtà, èyí tí ojú rẹ̀ ti là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ojú-ìwé náà ti yọ tán kó tó fi awò sójú. "Ó ti dé? Dá a padà, n ò rí bó ṣe wọlé."

Ó rò pé ọjọ́ kejì lòun máa bá ara òun lókè. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹ̀rọ aṣàwárí ní láti tún padà wá yẹ̀ wá wò, kó sì rí i pé a ti yí padà lóòótọ́, kì í ṣe ohun ọjọ́ kan.

"Èmi ni wọ́n ní kí n yára, òun wá ń fẹ̀sọ̀ ṣe é?"

Gbogbo àárọ̀ ló ń bèèrè lọ́wọ́ mi kí n tó kúnlẹ̀ tán: "Ibo ni mo wà?" Àìmọye àárọ̀ ni mo fi ní, "Ibi tẹ́ ẹ wà lánàá." Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ kan, mo ní, "Ẹ ti kọjá olóògbé, sà." Ó ṣí fìlà. "Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Kó má sì jẹ́ kí n padà sẹ́yìn rẹ̀." Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, títí ó fi wọ ojú-ìwé àkọ́kọ́, ó jókòó sísàlẹ̀ Kíákíá, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Àmọ́ òjò ti ń wọ́n. Òwúrọ̀ ti ń gbẹ. Mo rí i tó ń wo ojú ọ̀run bí àgbẹ̀, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe àgbàdo ló ń rò.

Òjò tó rọ̀ kẹ́yìn lọ́dún náà ló lé obìnrin kan wọ ìsọ̀. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni, ó fẹ́ ṣí ilé ìgbẹ̀bí tirẹ̀. Ó fi fóònù hàn wá. Ìkànnì wa ló wà lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ kí mi nínú èyí?"

Bàbá Kékeré ta gìrì. "Ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ tán. Inú mọ́tò ni mo wà, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń ṣe ségesège. Ti ẹni tó wà lókè ṣí, mo pè é, ó ní gbogbo ilẹ̀kùn lòun máa parí lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀rù bà mí. Mo tẹ tiyín, ó ṣí wàrà, mo rí àwọn ilẹ̀kùn yín. Mo wá rí i tẹ́ ẹ kọ ọ́ pé tí mo bá ní àyè. Mo ní àyè. Ta ló ń hanrun lẹ́yìn yín?"

"Ìyàwó mi ni," ni Bàbá Kékeré dá a lóhùn tìtìjú-tìtìjú.

"Ó dáa. Ilẹ̀kùn tí ò ní ké ni mo ń wá. Tí ilẹ̀kùn bá ké nílé ìgbẹ̀bí, gbogbo ọmọ ló máa jí, tí wọ́n bá sì jí, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Ilẹ̀kùn gbogbo yàrá ni, àti bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ. Ẹni tó lè fara balẹ̀ kí ẹni tí kò rí títí dé orí ewu ọmọ, mo mọ̀ pé á fara balẹ̀ kan ilẹ̀kùn."

Bàbá Kékeré gbé òòlù sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Ẹ káàbọ̀ o," ló bẹ̀rẹ̀. "Ṣé dáadáa lẹ dé? Ilé ńkọ́?" Obìnrin náà fa àpótí, ó jókòó, ó ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjò ń rọ̀ lórí páànù. Ẹni tí kò lè dúró de àmì róbótó nínú fóònù, ó dúró de ọkùnrin kan tó ń bèèrè àlàáfíà àbúrò rẹ̀. Mo fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀, torí mo rí i pé ó kù díẹ̀ kí ó kàn mí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọkọ.

Iṣẹ́ náà pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ méjì lè ṣe. Bàbá Kékeré ránṣẹ́ sí Kíákíá pé kó wá bá òun ṣe é nínú ìsọ̀, kó sì rọra máa ṣe é tó bá débẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, mo wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ìsọ̀ wà ní títì. A gbọ́ tí ẹnì kan ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́ níta, tó kanlẹ̀kùn. Mo yọjú lójú ihò kọ́kọ́rọ́. Kíákíá ni, ó gbé àga oní-tìmùtìmù lérí, ó ti gbé e wá fún ọ̀gá rẹ̀.

"Ọ̀gá! Ẹ ṣílẹ̀kùn o, ó wúwo!"

Mo na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Bàbá Kékeré gbá ọwọ́ mi, ó fi ìka sí ètè. Ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó wú ikọ́ díẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o," ló ké láti inú wá. "Ẹ kú àárọ̀, tó bá jẹ́ àárọ̀ lẹ dé. Ẹ káàsán, tó bá jẹ́ ọ̀sán..."